Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn kan yọ́ọ̀tì (ọkọ̀ ojú omi afẹ́) tuntun rí, kí lojú yín rí?

AdéOríOmi
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá mi ní Ìkòyí ti fárígá: òun ò ra tọ́kúnbọ̀ mọ́, tuntun lòun fẹ́, kí wọ́n kàn án fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mítà 23. Ó ní kò gbọdọ̀ dé 24, torí tó bá ti dé ibẹ̀, òfin ọkọ̀ ńlá ló máa bá a, ìwé rẹ̀ á sì di rẹpẹtẹ. Wọ́n ti fi ìwé ohun tá a lè yàn ránṣẹ́ sí mi. Ojú ewé 60! Àwọ̀ ara ọkọ̀, awọ àga, igi inú rẹ̀, òkúta orí tábìlì, títí dórí ìkọ́ tí wọ́n máa fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́. Mọ́tò ni mo mọ̀, mi ò mọ yọ́ọ̀tì. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú
Ojú ewé 60 nítorí ọkọ̀. Ilé tí mo kọ́, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà la ya àwòrán rẹ̀ sí.

Kápẹ́ńtàEtíkun
Àbúrò, ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ igi inú yọ́ọ̀tì ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ara ọkọ̀ yẹn, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń fi fáíbà àti rẹ́síìnì mọ ọ́n, bí ẹni mọ búlọ́ọ̀kù. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti inú mọ́ọ̀dù kan náà jáde, ìbejì ni wọ́n. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún un níwájú, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni. Inú rẹ̀ lẹ lè dárà sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ti àwòrán pa. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ní í sọ, ẹ sọ ọ́ kó tó dọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sún sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti ọ̀tún sósì, wáyà rẹ̀ ti wà lẹ́yìn pákó, pákó ti wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù ti wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Owó tí wọ́n máa bù fún yín, ẹ ò ní lè sọ ọ́ fún ìyàwó yín.

Owó gan-an, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa san án: ẹ fọwọ́ síwèé, ẹ san; ara ọkọ̀ jáde nínú mọ́ọ̀dù, ẹ san; ẹ́ńjìnì wọlé, ẹ san. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ti sanwó rẹ̀, tiyín ni, ìbáà jẹ́ ẹ́ńjìnì tó ṣì wà nínú páálí. Ilé iṣẹ́ lè wọ gbèsè lójijì. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi kan bẹ́ẹ̀ rí: àárọ̀ ọjọ́ Ajé la dé ibẹ̀, àgádágodo tuntun la bá lẹ́nu géètì, àpótí irinṣẹ́ mi sì wà nínú.

TúndéBadore
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti òkè òkun. Èmi ni mò ń wà á ní Èkó níbí, ẹ gbọ́ tèmi náà. Òyìnbó tó ń kan ọkọ̀ kò mọ ọ̀sà wa. Òkun Mẹditaréníà ló wà lọ́kàn rẹ̀, omi tó mọ́ gaara. Ẹ́ńjìnì o, jẹnẹrétọ̀ o, ẹ́ẹ́sì o, omi ìta ni gbogbo wọn ń fà wọlé láti fi tu ara wọn lára. Nínú ọ̀sà Èkó, náílọ́ọ̀nù píọ́wọ́tà ni wọ́n máa fà, àti ewé orí omi tó gba ọ̀nà Bàdágírì wọlé ní 1984 tí kò padà sílé mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo kó àlejò 14, a ò tíì kọjá afárá Fálómọ̀ dáadáa tí ẹ́ńjìnì ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo pa á. Kò pẹ́, ti òsì náà ké. Ọmọ mi sáré bọ́ sísàlẹ̀, ó tú asẹ́: ewé, náílọ́ọ̀nù, àti àtàṣímẹ́ǹtì irun tó pọ̀ tó orí kan.

Ẹ ní kí wọ́n fi asẹ́ méjì-méjì síbi tí omi ń gbà wọlé, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ bá ń fọ èkejì. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò ẹ́ẹ́sì fún omi tó gbóná tó tiwa, kì í ṣe tiwọn. Asẹ́ dísù náà, ẹ fi kún un, ẹ ṣáà mọ dísù tí wọ́n ń tà fún wa. Kí ọ̀pá orí ọkọ̀ sì ṣeé ká lulẹ̀, torí afárá ò ní tẹríba fún ọ̀gá yín.

YínkáDókì
Ẹni tó ni irun yẹn ṣì ń wá a 😂

Ọmọ_Alátẹ
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdáná, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún àwa. Bùrọ̀dá mi ní kí wọ́n kan ọkọ̀ mítà 18 fún òun. Gbogbo àwòrán tí wọ́n fi hàn án, ìdáná ṣí gbayawu sí pálọ̀. Ó ní rárá o, Màmá wa máa ń dín ẹja, a sì máa ń lo irú. Kí wọ́n gbé ìdáná lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn sí i, kí wọ́n wá fáànù tó lágbára láti fa èéfín síta. Wọ́n ṣe é, ó dára. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ gbé e lọ Ìlàṣẹ, Màmá gbé ìkòkò rẹ̀ wá, èyí tó fi se oúnjẹ fún àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dàgbà. Ó gbé e kaná. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Ogún. Epo ò gbóná. Màmá ní, “Àbí NEPA ti dórí omi náà ni?” Àṣé sítóòfù oníná ìgbàlódé yẹn, ìkòkò tí mágínẹ́ẹ̀tì bá lè lẹ̀ mọ́ nìkan ló mọ̀. Álúmíníọ̀mù ò kàn án rárá. Búrẹ́dì àti sádíìnì la jẹ lórí ọkọ̀ olówó iyebíye.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú
Ṣé Màmá bínú?

Ọmọ_Alátẹ
Kò bínú. Ó kàn ní ọkọ̀ tí kò mọ ìkòkò òun, kò mọ òun náà nìyẹn.

AdéOríOmi
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: asẹ́, ọ̀pá, ìkòkò. Ọ̀gá mi tún ń sọ pé orúkọ Yorùbá lòun fẹ́ kọ sára rẹ̀.

Ṣèyí_N16
Orúkọ kẹ̀! Jókòó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí wọ́n kan tiẹ̀ fún òun ní Yúróòpù, ẹ má bi mí pé níbo. Ìyá wọn ló fẹ́ fi dá lọ́lá, ó ní kí wọ́n kọ ỌLÁ ÌYÁ. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé, àmì ohùn pé pérépéré, ó fàlà sí i nídìí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àmì. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi gé lẹ́tà náà, iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Òde ìgbéyàwó ló wà, ó wò ó fìrí, ó ní ó dáa.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa bọ́ sómi, wọ́n ṣí aṣọ. Apá òsì: ỌLÁ ÌYÁ. A pàtẹ́wọ́, àwọn kan sunkún. Màmá rọra rìn yí sápá ọ̀tún. Ẹni ọdún 81 ni, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dúró. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà. ỌLÀ ÍYÀ ló wà níbẹ̀! Ẹni tó gé lẹ́tà rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì wa, ó ní bí apá kan bá ṣe rí, apá kejì gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ́, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí. Gbogbo wa ń bẹ Màmá pé kó má rò ó sí ìyà. Màmá ní ta ló ń sọ ti ìyà? “Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló ń fi fáwẹ́ẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀?” Kò gun ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn.

YínkáDókì
Mo kú 😂😂 Gírámà ló bí i nínú!

Dúró_Ṣinṣin
Irọ́ gbuu. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò rí apá ọ̀tún?

Ṣèyí_N16
Fọ́tò apá òsì nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Bó o bá rò pé irọ́ ni, wá bá Màmá fúnra rẹ. Á fún ẹ níṣẹ́ àṣetiléwá.

Akọ́mọlédè
Ká sọ tòótọ́, ìdajì rẹ̀ ṣì dára. Ọlà ni ọrọ̀. “Íyà” yẹn ni kò sí níbì kankan nínú èdè Yorùbá.

bolu_boy
E ma binu o, ki ni iyato re gan-an? Emi kii fi ami soro mi, gbogbo yin si n gbo mi ye.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú
Ìwọ ni wọ́n gbà síbi tí wọ́n ti gé lẹ́tà yẹn.

bolu_boy
Foonu mi ni o 😭

Ṣèyí_N16
Fún ẹ̀yin tó ń béèrè: wọ́n gé Á àti Ì tuntun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àmì náà wà lára lẹ́tà ni, wọn ò lè yí i nìkan. Adé, bí orúkọ bá lámì, gba fọ́tò apá ọ̀tún, apá òsì àti ìdí ọkọ̀, kó o sì fi hàn ẹni tó ka Yorùbá kí ọ̀gá rẹ tó dáhùn.

AdúráGbà
Tiwa, òróró ló bà á jẹ́. Wòlíì wa wá yà á sí mímọ́ ní jẹ́tì, ó ní òun máa da òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ ò ní igun mẹ́rin, ó wá dà á káàkiri. Tíìkì tuntun, igi tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọkọ̀, tí wọn ò fi nǹkan kan pa lójú, ló gbé òróró ólífì mu. Àbàwọ́n dúdú ńlá-ńlá. Kápútẹ́nì wa, Mùsùlùmí ni, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò.

Ọmọ_Ọ̀ṣun
Olókun ló ni omi, ẹ wá gbé òróró ólífì lọ bá a. Kò burú.

AdúráGbà
Ẹ má bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Kápẹ́ńtàEtíkun
Ọṣẹ àti omi òkun, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ ní ìdábùú igi, kì í ṣe ní gígùn rẹ̀. Òrùn á ṣe ìyókù. Ẹ má fi ẹ̀rọ ha á, igi yẹn ò nípọn tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Tíìkì gidi sì ti wọ́n gógó. Ti Burma làwọn olówó ń fẹ́, èyí tó ti pẹ́ nínú igbó. Láti 2021 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù ti fòfin de ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tà á níbẹ̀, wàhálà ni. Ọ̀pọ̀ ló ti gba ayédèrú, èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Ó máa ń gbóná lẹ́sẹ̀ lóòrùn, ẹ fọkàn sí i.

Ará_Ìbàràpá
Tíìkì tó kún igbó ọba lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ọlọ́kẹ́mejì níbẹ̀ yẹn, láti ayé Òyìnbó. Àjèjì ló ń gé e lọ, ẹ wá ń sunkún Burma.

Kápẹ́ńtàEtíkun
Igi dáadáa ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbìn máa ń yára dàgbà, òrùka inú rẹ̀ fẹ̀, òróró inú rẹ̀ kò tó ti àtijọ́. Yóò ṣe ilẹ̀kùn, yóò ṣe àga. Ojú dẹ́ẹ̀kì olówó ni wọn ò ní gbà á sí.

Ará_Ìbàràpá
“Wọn ò ní gbà á.” Ẹ ti gbọ́.

Dúró_Ṣinṣin
Ẹ máa sọ ti tíìkì. Oṣù kọkànlá 2023 ńkọ́, tí wọ́n kọ N5 bílíọ̀nù fún yọ́ọ̀tì ààrẹ sínú àfikún ìṣúná? Orílẹ̀-èdè tí ọmọ ilé ìwé ò rówó wọkọ̀!

TúndéBadore
Ilé aṣojú-ṣòfin yọ ọ́, wọ́n fi kún owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ó di N10 bílíọ̀nù. Sọ ọ́ tán.

Dúró_Ṣinṣin
Wọ́n yọ ọ́ torí pé a pariwo.

YínkáDókì
Abẹ́ ìṣúná àwọn ọmọ ogun ojú omi kúkú ló wà. Bí wọ́n bá fẹ́ rà á, wọ́n á wá orúkọ míì fún un. Kí wọ́n sáà má fi àmì sí i.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú
Yínká 😂 ó tó.

TúndéBadore
Adé, má jẹ́ kí wọ́n fi òṣèlú gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu. Ọjọ́ ìdánwò lórí òkun ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n á gbé ọkọ̀ jáde, ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, dísù díẹ̀ nínú táǹkì, kò sí omi, kò sí ẹrù, èèyàn mẹ́rin péré. Ó máa fò! Ọ̀gá á pàtẹ́wọ́. Tó bá dé Èkó, táǹkì kún, àlejò 15, ṣáḿpéènì páálí mẹ́wàá, kò ní sáré mọ́, wọ́n á sì ní awakọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n wà. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé pẹ̀lú ìdajì táǹkì àti ẹrù báyìí-báyìí lẹ máa dán an wò.

AdéOríOmi
Ẹ̀gbọ́n, mábù lọ̀gá mi fẹ́ sí gbogbo ilé ìwẹ̀. Mẹ́rin ni.

TúndéBadore
Yé! Ẹ wo bó ṣe máa wúwo tó!

Kápẹ́ńtàEtíkun
Wọ́n máa ń là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ álúmíníọ̀mù tí inú rẹ̀ dà bí afárá oyin. Ojú ò ní mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ ló máa mọ̀. Ẹ béèrè fún un. Tó bá sì di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbà á, ẹ mú téèpù búlúù dání, odidi ìdì kan. Ibi tí ọ̀dà bá ti ha, tí ilẹ̀kùn bá ti ń dún, tí awọ bá ti hunjọ, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn. Ẹ má fọwọ́ síwèé títí téèpù ìkẹyìn á fi ṣí kúrò. Mo ti rí obìnrin kan, ìyàwó olówó, tó lẹ ọkọ̀ títí kò fi sí àwọ̀ mìíràn. A bínú sí i lọ́jọ́ náà o, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ níbi púpọ̀. Ọ̀kan tó lẹ mọ́ ẹ̀yìn mi ni mi ò fara mọ́.

YínkáDókì
Ó rí àbùkù níbẹ̀ 😂

AdéOríOmi
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀la ni mo máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ_Alátẹ, ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo: kí lẹ padà fi ìkòkò Màmá ṣe?

Ọmọ_Alátẹ
Ó wà ní Ìlàṣẹ. Adìẹ ń mu omi nínú rẹ̀. Bùrọ̀dá ra tuntun olówó ńlá, mágínẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá. Màmá ò tíì fọwọ́ kàn án.