Ìbọn tí mo fẹ́ tà fún ẹni tí mo mọ̀

Láti Aurora, Colorado

Ẹ̀yin ará, ní ọdún 2019 ni mo fẹ́ ta ìbọn ọdẹ kan fún ọmọ Yorùbá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdẹ ni bàbá mi, mo sì rí i nígbà èwe mi tó ń yá ojúgbà rẹ̀ ní ṣakabùlà láìsí ìwé kankan, nítorí náà èrò mi ni pé kí ẹni náà kówó wá, kí n gbé ìbọn fún un, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2013 ni ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ti fòpin sí irú títà bẹ́ẹ̀. Bí ẹni méjì tí kì í ṣe oníṣòwò bá fẹ́ ta ìbọn fún ara wọn, àfi kí wọ́n gbé e gba ọwọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, kí ìyẹn ṣe ìwádìí nípa olùrà bí ẹni pé òun gan-an ló ni ọjà. Ká ní ọmọ mi tàbí ọmọ ìyá mi ni mo fẹ́ fi ta lọ́rẹ ni, òfin náà yọ̀ǹda rẹ̀. Ará ṣọ́ọ̀ṣì kò sí nínú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù méjì kọ̀ láti bá wa ṣe é, nítorí pé dọ́là mẹ́wàá péré ni òfin gbà wọ́n láyè láti gbà lọ́wọ́ wa, ìwé kíkọ tó wà níbẹ̀ sì pọ̀. Ẹni kẹta gbà. Olùrà kọ fọ́ọ̀mù 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ oníṣòwò: orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà green card (ìwé ìgbélùú) rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dáhùn bóyá òun gan-an ló ń ra ìbọn náà, bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ńlá rí, àti bóyá ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí ó jìnnà sí ìyàwó rẹ̀. Oníṣòwò fi í ránṣẹ́ sí àjọ ìwádìí ìpínlẹ̀, tó ń wo àkọsílẹ̀ tirẹ̀ àti ti FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mo rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Èsì tó wá ni pé kí a dúró.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo fi ìbọn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ibi iṣẹ́, oníṣòwò sì kọ ọ́ sínú ìwé ọjà rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí èsì kò dé, olùrà ní òun kò rà mọ́. Mo padà lọ gbé ìbọn mi, ni wọ́n bá na fọ́ọ̀mù 4473 sí èmi náà. Ìbọn títà tó bá ti wọ inú ìwé oníṣòwò báyìí kì í jáde láìsí ìwádìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó gbé e wá ló fẹ́ gbà á padà. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo rí i pé ẹni tó ń ta ìbọn pàápàá lè jẹ́ ẹni tí kò yẹ kí ó ní in. Ká ní mo dúró ti ìbọn mi níbẹ̀ ni, ǹ bá ti gbé e padà sílé láìkọ nǹkan kan.

Láti Houston, Texas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà. Mo mọ ìdúró yẹn dáadáa, nítorí pé orúkọ ìdílé mi wọ́pọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, oníṣòwò lè gbé ìbọn fún olùrà bó bá wù ú. Oníṣòwò tèmi ní kò wu òun. Ẹnì kan ló wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa kọ nọ́ńbà Social Security mi, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan, kí n sì kọ̀wé sí FBI pé wọ́n ń ṣì mí mú fún ẹlòmíràn. Wọ́n gba àmì ìka ọwọ́ mi, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà kan tí mò ń kọ sórí fọ́ọ̀mù láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà yẹn tó dé, mo ti ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aládàáni kan ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan. Ó wo láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ mi láti rí i pé ará Texas ni mí, ó ka owó, ó parí. Èmi tí ṣọ́ọ̀bù kò tíì fọkàn tán ni mo gbé ìbọn lọ sílé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun pàtàkì tí òfin sọ fún un ni pé kí ó má ṣe tà fún ará ìpínlẹ̀ mìíràn, tàbí fún ẹni tó mọ̀ tàbí tó ní ìdí láti fura pé òfin kà á léèwọ̀ fún. Ọkùnrin tó yìnbọn pa ènìyàn méje ní Midland àti Odessa lóṣù kẹjọ ọdún 2019 ti gbìyànjú láti ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù ní ọdún 2014, ìwádìí sì dá a padà. Ọwọ́ aládàáni ló ti wá rí i rà. Wọ́n rán ẹni tó tà á fún un lẹ́wọ̀n ọdún méjì, àmọ́ ẹ̀sùn pé ó ń ṣòwò ìbọn láìní ìwé àṣẹ àti pé ó parọ́ nínú ìwé owó orí rẹ̀ ni wọ́n fi mú un.

Nígbà tó kan èmi náà láti ta tèmi, mo ní kí olùrà pàdé mi ní ṣọ́ọ̀bù, pé èmi ni n óò san owó ìwádìí. Ó ní òun á pè mí padà. Kò pè, ìbọn náà sì ṣì wà nínú àpótí onírin mi.