Ọkọ mi ò bá mi lọ sí ilé ìjọsìn mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Akọrin: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì lè sọ ọ́ nínú ìjọ, torí ohun tí mo bá sọ fún ẹnì kan níbẹ̀ lónìí ti di orin lọ́la.

Ọkọ mi ò bá mi lọ sí ilé ìjọsìn mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kẹfà rèé. Kò ṣàìsàn, kò rìnrìn àjò. Á jí, á wẹ̀, á gbé Bíbélì rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo bá ní kó dìde ká lọ, á ní, "Máa lọ, kọrin dáadáa." Bó ṣe ń sọ "kọrin dáadáa" yẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo mọ̀ bí ènìyàn bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún 11 la ti fẹ́ra. Òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì kejì níwájú ìjọ. Wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn báyìí, ẹni náà ò sì mọ̀ ọ́n kà, ńṣe ló ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa okùn. Olórí akọrin ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Bàbá ńkọ́?" Mo ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Obìnrin kan tó ń dúró sẹ́yìn mi sì ti ń rẹ́rìn-ín sínú, ẹ má rò pé mi ò rí i.

Mo fẹ́ràn ìsìn. Bí a bá dé ibi orin ìyìn, ara mi kì í gbà á. Mo sì lawọ́. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ mi, kì í pẹ́ níbẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi. Nígbà tí a ń dáwó òrùlé ilé ìjọsìn, mo fi ohun tí Ẹ̀mí gbé sí mi lọ́kàn sílẹ̀. Ó bínú nígbà yẹn, àmọ́ ìyẹn ti kọjá, kì í ṣe torí ẹ̀.

Ṣé kí n gbààwẹ̀ fún un ni? Àbí kí n ní kí pásítọ̀ wá bá a nílé? Mo rò pé ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn ló wọlé tọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí o máa ka Orin Dáfídì 51 sórí ìrọ̀rí rẹ̀ bó bá ti sùn. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó lé ní ọdún kan. Gbogbo ìjọ ló bá mi gbàdúrà. Àṣé eyín iwájú rẹ̀ ló yọ, kò fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó ní òun ò lè fi ẹnu òfìfo kọ orin ìyìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá a ṣe eyín tuntun ló padà sí ìjọ.

Bàbá Díákónì: Ààwẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdámẹ́wàá ilé yín wò. Málákì 3:8 sí 10. Ilé tí wọ́n bá ti ń ja Ọlọ́run lólè, ibi tẹ́ ò rò ni yóò ti máa jò.

Olùkàwé: Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kò bi yín ní ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá. Bí a bá sì fẹ́ ka òfin, ẹ jẹ́ ká kà á dé Diutarónómì 14:28-29. Ìdámẹ́wàá ọdún kẹta, inú ìlú ni wọ́n ń kó o sí, kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó lè jẹ ẹ́ yó. Oúnjẹ ni, kì í ṣe òrùlé.

Bàbá Díákónì: Ábúráhámù san án fún Melikisédékì nínú Jẹ́nẹ́sísì 14, Mósè ò tí ì dáyé nígbà náà. Jésù náà ò sì ní kí wọ́n má san án mọ́ nínú Mátíù 23:23.

Olùkàwé: Ẹsẹ yẹn kan náà ló ní ìdájọ́, àánú àti ìgbàgbọ́ ló wúwo jù nínú òfin. Ẹ kì í kà á débẹ̀.

Alábòójútó: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ti ja ìjà yìí ní oṣù tó kọjá. Ẹ jẹ́ ká dá arábìnrin lóhùn.

Ẹnu Ò Dákẹ́: Ìbéèrè kan péré ni tèmi. Owó òrùlé tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn, owó ta ni?

Àdùkẹ́ Akọrin: Ẹ ṣeun, ìyá mi, ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Bàbá Díákónì, ìdámẹ́wàá mi pé, mi ò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè. Gbogbo yín ẹ wo opó inú Máàkù 12. Owó wẹ́wẹ́ méjì, gbogbo ohun tó ní láyé. Ṣé ọkọ rẹ̀ bá a jà ni?

Ẹnu Ò Dákẹ́: Opó ni, arábìnrin. Ọkọ wo? Mo tún ń béèrè o: owó ta ni?

Ọmọ Ìyìn: Ẹ fi àǹtí mi sílẹ̀ jàre. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bá obìnrin tó da òróró sórí Jésù wí nínú Máàkù 14, wọ́n ní ó lè tà ju 300 dénárì lọ. Owó iṣẹ́ òòjọ́ kan ni dénárì kan nínú Mátíù 20, ẹ wá ṣírò ẹ̀ wò. Jésù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìsìn tí kò ná ni ní nǹkan kan, ìsìn wo nìyẹn?

Àdùkẹ́ Akọrin: Ọmọ Ìyìn, Ọlọ́run á bù kún ẹ. O ṣáà yé mi ju àwọn tó ń ṣe bí adájọ́ lọ.

Owó tó wà nílé ni. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀, kò kúkú tí ì fẹ́ lò ó. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run á dá a padà kó tó béèrè. Ó sì dá a padà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbúrò mi béèrè, owó rẹ̀ pé, kò dín. Mo tiẹ̀ jẹ́rìí ẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Gbogbo ìjọ ló dìde.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi.

Olùkàwé: Samuẹli Kejì 24:24. Wọ́n fẹ́ fún Dáfídì ní ilẹ̀ àti màlúù lọ́fẹ̀ẹ́ kó fi rúbọ, ó kọ̀. Ó ní òun ò ní fi ohun tí òun ò náwó lé rú ẹbọ sí Ọlọ́run, ó sì san 50 ṣékélì fàdákà. Tiyín yìí, àbúrò yín ló rúbọ, ẹ̀yin lẹ jó.

Ọmọ Ìyìn: Mo kó ọ̀rọ̀ mi padà o. Tara rẹ̀ ni obìnrin yẹn dà sílẹ̀.

Ẹnu Ò Dákẹ́: Báwo ni Ọlọ́run ṣe dá a padà? Ọwọ́ ta ló gbà wá?

Ìyá Ìbejì: Ó ti dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kó sá lọ, ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ Akọrin: Mi ò sá. Mo lọ gbé ìkòkò kalẹ̀ ni.

Ọkọ mi ló mú un wá. Ó yá a níbi iṣẹ́, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Àmọ́ ta ló fi í sí i lọ́kàn bí kì í bá ṣe Ọlọ́run? Mi ò purọ́ nínú ìjẹ́rìí mi. Mo ní mo jí láàárọ̀, mo rí owó lábẹ́ Bíbélì mi. Ibẹ̀ ló kó o sí lóòótọ́. Mi ò kàn dárúkọ ẹni tó kó o síbẹ̀ ni. Ó wà níjókòó, ìlà kẹta. Òun ló ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ yẹn.

Ẹnu Ò Dákẹ́: Ọ̀sẹ̀ mélòó sẹ́yìn nìyẹn?

Àdùkẹ́ Akọrin: Méje.

Bàbá Díákónì: Ọmọ mi, gbà mí láyè. Nínú Númérì 30, bí ọkọ bá gbọ́ ẹ̀jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó lè fagi lé e lọ́jọ́ tó gbọ́. Bó bá dákẹ́, ẹ̀jẹ́ náà dúró. Tìrẹ kò fagi lé e, ó tún bá ọ gbé ẹrù rẹ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5, Pétérù sọ fún Ananíà pé ilẹ̀ náà, tirẹ̀ ni, owó tó sì tà á, ìkáwọ́ rẹ̀ ló wà. Kò sẹ́ni tó fipá gbà á. Irọ́ tó fi bò ó ni wọ́n bi í. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mò ń gbé igbá ọrẹ káàkiri ní ìjọ tiwa. A kì í béèrè ibi tó ti wá, ńṣe la máa ń pàtẹ́wọ́.

Olùkàwé: Léfítíkù 6:2-6 ni kí ẹ kà, arábìnrin. Ẹni tó bá purọ́ lórí ohun tí ẹnìkejì fi sí i lọ́wọ́ pé kó tọ́jú, á dá gbogbo rẹ̀ padà, á fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó mú ẹbọ wá síwájú Olúwa. Ọkọ yín ti dá owó padà, ó ku tiyín. Ẹ sì wò ó, èmi àti bàbá ti fohùn ṣọ̀kan lónìí.

Ìyá Ìbejì: Fi ààwẹ̀ sílẹ̀ ná. Orin Dáfídì 51 yẹn, orí ìrọ̀rí tìrẹ ni kí o ti kà á. Má sì jẹ́ kí pásítọ̀ wá bá a, kí ni wọ́n fẹ́ wá bá a sọ?

Àdùkẹ́ Akọrin: Ṣé dandan ni kó jẹ́ nínú ìjọ? Ṣé mi ò lè bẹ òun nìkan nílé? Ẹ ò mọ obìnrin tó wà lẹ́yìn mi yẹn.

Ẹnu Ò Dákẹ́: Níbo lẹ ti sọ ti àkọ́kọ́?

Ọmọ Ìyìn: Ẹ má le jù, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àǹtí, àbúrò yín mọ̀?

Àdùkẹ́ Akọrin: Kò mọ̀. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn. Òun ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́.

Ọkọ mi ṣì wà nídìí fèrèsé. Mo fẹ́ gbé fóònù yìí sílẹ̀.