Màmá Ìdáná Ńkọ́? Ìrírí Wa Lórí Ìrántí Àwọn Olóògbé Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Sístà

Akẹ́kọ̀ọ́jáde kan, Ìbàdàn

Ní oṣù Kọkànlá ọdọọdún ni àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Sístà ní Ìbàdàn máa ń san owó Mísà fún àwọn olóògbé wa, a sì máa ń ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí Fadá tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Ọjọ́ kejì oṣù náà ni Ìjọ Àgùdà yà sọ́tọ̀ fún gbogbo òkú onígbàgbọ́. Odilo, olórí àwọn mọ́ńkì ní Cluny ní ilẹ̀ Faransé, ló fi àṣà yìí lélẹ̀ fún àwọn ilé mọ́ńkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1915, nígbà tí ogun ń pa àwọn èèyàn lọ rẹpẹtẹ ní Yúróòpù, Pọ́ọ̀pù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún yọ̀ǹda kí àlùfáà kọ̀ọ̀kan lè rú ẹbọ Mísà mẹ́ta lọ́jọ́ náà.

Orúkọ àwọn Sístà, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló wà nínú ìwé tí a ń kà tẹ́lẹ̀. Mo dìde nínú ìpàdé lọ́dún kan, mo sì béèrè pé, "Màmá Ìdáná ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n wa kan sọ pé bí a bá fi àwọn òṣìṣẹ́ kún un, ilẹ̀ yóò ṣú kí a tó kà á tán. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ta kò ó, nítorí èmi kò gbà pé ẹni tó sè fún wa jẹ ní ọ̀sán àti ní alẹ́ kì í ṣe ara ilé-ẹ̀kọ́.

Kí aago ìjí tó lù ni èéfín ti máa ń yọ lórí òrùlé ilé ìdáná. Bí ibà bá dá ọmọ kan dùbúlẹ̀, màmá yìí fúnra rẹ̀ ló máa gbé ògì gbígbóná wá, tí yóò fi àwo mìíràn dé e, tí yóò jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, tí yóò sì máa ki ọmọ náà ní oríkì rẹ̀ títí tí yóò fi mu ún tán. Ó mọ oríkì ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí pé ọjọ́ tí ìyá bá kọ́kọ́ mú ọmọ wọlé ló ti máa ń bi í. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ kọ orúkọ òun gan-an sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìjọba ti gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sístà ti padà sí ilẹ̀ Áílándì, a kò sì rí ìwé kankan tó sọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́. Ìwé ìjọ ló gbà wá. Òfin Ìjọ ni pé kí gbogbo páríṣì ní ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé òkú. Akọ́wé páríṣì tí màmá ń lọ ṣí ìwé òkú fún wa, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kan sí òmíràn lórí tákàdá tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, títí tó fi kan orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Lọ́jọ́ Mísà, a ka orúkọ náà, a sì fi "Màmá Ìdáná" tì í kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tí à ń wí. Ariwo "Háà!" gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Géètì gba ìrònú ju ìyẹn lọ, nítorí Mùsùlùmí ni bàbá. Fadá ní kí a kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, ó sì fi hàn wá pé nínú Àdúrà Yúkárístì Kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn àdúrà tí àlùfáà máa ń gbà nínú Mísà, Ìjọ ń gbàdúrà fún gbogbo òkú tó jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbàgbọ́ wọn. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni àkọ́bí bàbá gbà wá. Ó wá sí Mísà, ó ṣí fìlà bí àwọn ọkùnrin yòókù, ó sì jókòó tì wá títí ìsìn fi parí. Nígbà tí àwọn náà ṣe àdúrà ọdún fún bàbá, a lọ bá wọn jókòó lórí ẹní.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń gbé ní Cork, ilẹ̀ Áílándì

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Cork níbí ni Ardfoyle wà, ilé àwọn Sístà Our Lady of Apostles, ẹgbẹ́ tí Fadá Augustin Planque dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọdún 1876. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Sístà tó kọ́ wa ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí. Mo lọ sí ìdí sàréè wọn, mo sì ń gba róòsárì ní Yorùbá, nígbà tí Sístà àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn dúró tì mí. Bí mo ṣe parí "Mo kí ọ Màríà," ó gbà á lẹ́nu mi: "Màríà mímọ́, Ìyá Ọlọ́run." A gba ìyókù tán pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ń béèrè àwọn tó ṣì wà láyé nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, ó sì ń dárúkọ ìnagijẹ wọn. Mo ti kọ àwọn tó rántí sílẹ̀ fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń gbé ní Abuja

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Nígbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, ọmọ kíláàsì mi kan kú. Òkú ọ̀fọ̀ ni, àwọn òbí rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ rẹ̀ létí wọn. Mo lóye wọn, nítorí ní ilẹ̀ wa òbí kì í mọ sàréè ọmọ.

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005 ló jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà rò. Lọ́jọ́ náà ni ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra láti Abuja já ní Port Harcourt, tí ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Abuja, tó ń lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì sì bá a lọ. Kechi Okwuchi nìkan ló yè nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tó wọ ọkọ̀ ọ̀hún. Ọjọ́ kejì jẹ́ Ọjọ́ Àìkú kẹta Ádífẹ́ńtì, àkókò ìmúrasílẹ̀ fún Kérésìmesì, èyí tí Ìjọ ń pè ní Ọjọ́ Àìkú ayọ̀. Ní páríṣì tí mo wà, akọrin dá orin sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbè é. Nígbà tó yá, àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àlùfáà Àgùdà tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, kọ́ Jesuit Memorial College sí Mbodo-Aluu nítòsí Port Harcourt ní ìrántí àwọn ọmọ náà. Bí mo ti rí i pé wọ́n rántí àwọn ọmọdé ní gbangba báyìí, mo lọ kí ìyá ọ̀rẹ́ mi, mo sì rọra bi í bóyá a lè ka orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí n máa kà á, ṣùgbọ́n òun kò ní wá. Ìbéèrè mi ni pé, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde ti Ìbàdàn

Àbúrò mi, o ṣeun. Àwọn òbí ni a máa ń bi kí a tó kọ orúkọ ọmọdé sílẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́, Fadá á gbàdúrà fún "àwọn ọmọ wa tí a kò dárúkọ," yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kí olúkúlùkù lè rántí tirẹ̀.

Orúkọ Bàbá Alágbàfọ̀ ni a ṣì ń wá. Ìsẹ́yìn ló ti wá, òun ló ń lọ aṣọ àwọn Sístà, ó sì ti kúrò níṣẹ́ kí àwọn Sístà tó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ẹbí rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi tó wa létí kí oṣù Kẹwàá tó parí, nítorí ìgbà náà ni a máa ń tẹ ìwé orúkọ.