Másítà láàbù: ṣé ẹ̀jẹ̀ ni kí n yàn ni, àbí molecular?

Àdùkẹ́_Láàbù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo parí BMLS, oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ láàbù ìṣègùn. Mo ti ṣe intáánṣíìpù, ìwé àṣẹ MLSCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ láàbù ní Nàìjíríà, sì wà lọ́wọ́ mi. Láàbù aládàáni kan n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ ni mo yàn nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àmọ́ láti ìgbà kòrónà ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé molecular, ìyẹn àyẹ̀wò jíìnì, layé ń bá lọ, pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti gbà ni mo ń dù. Màmá mi ní tiwọn ní kí n kó gbogbo owó tí mo tù jọ, kí n gba Ìlú Ọba lọ ṣe másítà biomedical science, pé tí mo bá ti débẹ̀, iṣẹ́ á máa wá mi kiri. Owó ọ̀hún kò tó èyí tí èèyàn ń ṣì ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ṣe ohun tí ọkàn mi bá fẹ́. Ọkàn mi gan-an ló ń béèrè.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹlẹ́jẹ̀

Àbúrò mi, láti 2001 ni mo ti ń wo ẹ̀jẹ̀, nítorí náà mo ti gbè sápá kan kí n tó lanu.

Ẹ̀rọ ń ka sẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, kí ó máa kà á. Jẹ́ ká mú jẹnotáìpù nìkan. Ọmọkùnrin kan mú èsì méjì wá bá wa, ọ̀kan ní AA, èkejì ní AS. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jẹ́ AS, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n ti ra aṣọ ẹbí. Àwa náà yẹ̀ ẹ́ wò: a fi iná mànàmáná fa hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, kí oríṣi kọ̀ọ̀kan lè dá dúró bí ìlà. Ìlà S wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ jù. Mo bi í bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ní jàǹbá ọkọ̀ lóṣù tó kọjá, páìǹtì mẹ́ta ni wọ́n fún òun. Ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ló wà lórí tábìlì! Mo ní kó mú àwọn òbí rẹ̀ wá. Wọ́n wá láti Ṣakí, AA làwọn méjèèjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì àlejò ti kú tán, ìlà S náà pòórá. Ẹ̀rọ wo ni ìbá béèrè ìbéèrè yẹn?

Hemoglobin D, oríṣi mìíràn, ńkọ́? Lórí cellulose acetate tí a máa ń fà á lé, ibi tí S bá dúró lòun náà ń dúró, àfi tí o bá lo ọ̀nà mìíràn tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, bíi citrate agar tàbí HPLC. Ti ọmọ tuntun le ju ìyẹn lọ: F, hemoglobin ìkókó, ló pọ̀ lára wọn, àárín A àti S ló sì ń dúró, ojú tó bá ń kánjú á pè é ní A.

Ní ti molecular, irinṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ka. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí nínú jíìnì beta-globin ló ń bí S. Ṣe másítà rẹ nínú ẹ̀jẹ̀, kí o fi molecular ṣe ìwádìí àṣejáde rẹ.

Ìjẹ̀bú_ní_Leeds

Ẹ bá mi kí màmá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í wá ẹnikẹ́ni kiri níbí. Ejẹ́ǹtì tó bá mi ṣe ìwé kò sọ fún mi pé másítà kì í ṣe ìwé àṣẹ. HCPC, àjọ tó ń ṣàkóso òṣìṣẹ́ ìlera níbí, ló ń forúkọ èèyàn sílẹ̀. Láìsí ìyẹn, òfin kò gbà kí o pe ara rẹ ní biomedical scientist, orúkọ tí wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ láàbù bíi tiwa níbí. Ká tiẹ̀ ní IBMS, ẹgbẹ́ àwọn biomedical scientist, fọwọ́ sí másítà ọ̀hún, ìyẹn nìkan ò ní kó o wọlé. Èmi tí mo ti ń fọwọ́ sí èsì nílé, olùrànlọ́wọ́ láàbù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń lẹ lébẹ̀ẹ̀lì mọ́ ìgò ìtọ̀.

BMLS rẹ àti ìrírí rẹ ni kó o fi kọ̀wé sí HCPC láti Ìbàdàn níbẹ̀. Gbọ́ èsì wọn kó o tó ná kọ́bọ̀. Tó o bá sì ti lọ́kọ tàbí tó o ti bímọ, rántí pé láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe másítà inú kíláàsì kò lè kó wọn dání mọ́.

Kòkòrò_Ò_Gbóògùn

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́jẹ̀ ti fẹ́ jí ọmọ gbé! Àbúrò, ACEGID, ibùdó ìwádìí jíìnì àwọn àrùn tó ń ranni, ní Ẹdẹ ni wọ́n ti ka jíìnómù kòrónà, gbogbo lẹ́tà jíìnì rẹ̀, ní oṣù kẹta 2020, àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹdẹ o, kò sí físà ńbẹ̀. Àmọ́ mi ò ní tàn ọ́: tí Proteus, bakitéríà tó ń rùn, bá fi òórùn rẹ̀ kí ọ láàárọ̀, tí iná ọba lọ mọ́jú tí incubator, àpótí gbígbóná tí a fi ń hu kòkòrò, ti tutù, tí o ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ náà, máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwa tí à ń wo kòkòrò àìfojúrí.

Àdùkẹ́_Láàbù

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti HCPC yẹn ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, màmá á gbọ́ nígbà tó bá yá.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́jẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa F kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ oṣù mẹ́ta kan wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Tuesday. Ìlà méjì ló jáde, a kọ AS fún un, ìyá rẹ̀ dúpẹ́ títí. Ìlà tó wà lókè S yẹn, mi ò lè búra pé A ni. Tó bá jẹ́ F ni, SS lọmọ yẹn lè jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹlẹ́jẹ̀

Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà yín. Pè é báyìí.