Kí ni a- ń wá lára "afikún"?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí á máa pe augmented reality, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán lé ohun tí kámẹ́rà ń rí, èyí tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, ní "òtítọ́ afikún". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èyí wọ ìwé ọmọ wa.

Kí ni a- olóhùn àárín yẹn ń wá níbẹ̀? Apẹja ló ń pẹja, akọ̀wé ló ń kọ̀wé, asọ̀rọ̀mágbèsì ló ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Bí ẹ bá wá ní "òtítọ́ afikún", òtítọ́ náà ló ń fi nǹkan kún nǹkan nìyẹn! Ohun tí a fi kún un ni àfikún, bí ohun tí a kọ sílẹ̀ ṣe ń jẹ́ àkọsílẹ̀. Àwọn tíṣà àgbà tó kọ́ wa ní Yorùbá á ti fi bírò pupa fà á tì.

Ká tiẹ̀ tún ohùn ṣe, òtítọ́ kò bá a mu. Irọ́ ni òtítọ́ ń bá jà. Ọmọ kọjú kámẹ́rà sí tábìlì, "table" hàn lé tábìlì lórí, ó tẹ̀ ẹ́, fóònù pè é sí i létí. Ta ló purọ́? Láti 2015 ni kámẹ́rà Google Translate ti ń fi ìtumọ̀ bo ọ̀rọ̀ ara pátákó lójú ẹni. Ìran là ń wò, nǹkan la fi lé e: "ìran àfilé" ni tèmi. Ẹni tó bá gbọ́ "wòran" kò ní fi ìran yìí pe ìran baba ẹni.

Ẹni tó dáhùn tẹ̀ lé e ní kí ọmọ pa Yorùbá tì láti jẹ́lé-ó-sinmi, fóònù ti tó. Rárá o. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì dúró bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn. Kámẹ́rà ń rí tábìlì, ó ń rí ife; kò rí bí "go" ṣe di "went". Olùkọ́ ló ń là á yé ọmọ, ní èdè tí ọmọ gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún wa ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a- ti ń tọ́ka sí ohun tí a ṣe. Ẹ má wulẹ̀ mú "ayọ̀" wá, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a yọ̀.