Pádì géèmù tí wọ́n ń pààrọ̀ ìrísí ẹ̀: ẹ wá sọ ohun tí ọwọ́ yín ti rí

Ọmọ Mushin

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ pádì ni mo gbé wá, ìyẹn ohun tá a máa ń dì mú lọ́wọ́ fi darí géèmù, torí èmi àti àbúrò mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ látàná. Òun ní pádì PS5, ìyẹn PlayStation 5 ti Sony, ló dáa jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe, èmi ní ó dáa lóòótọ́ àmọ́ nǹkan kan wà tí wọ́n yọ kúrò tí wọn ò dá padà títí dòní, òun ò sì mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún wà rí torí PS4 ló bá nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo PS2 dáadáa á mọ ohun tí mò ń sọ. Bọ́tìnnì orí pádì yẹn, X ni o, square ni o, títí kan àwọn ọlọ́fà tó wà lápá òsì, gbogbo ẹ̀ ló mọ bọ́wọ́ ẹ ṣe wúwo tó. Tó o bá rọra tẹ̀ ẹ́ géèmù á mọ̀, tó o bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ á tún mọ̀. Nínú Gran Turismo 3, X ni mo fi ń tẹná mọ́tò, àtàǹpàkò mi nìkan ló ń ṣe é, mo máa rọra dín in kù tí mo bá ń wọ kọ́nà, tí mo bá ti ń jáde níbẹ̀ mo máa wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi délẹ̀. Metal Gear Solid 2 náà ńkọ́? Tó o bá na ìbọn sí èèyàn tó o wá ṣí ọwọ́ kúrò lórí square lójijì, ìbọn yẹn á yìn, àmọ́ tó o bá rọra tú u sílẹ̀, á sọ ìbọn kalẹ̀ láì yìn ín. Ìyẹn ò sí mọ́. Nígbà tí pádì PS4 fi máa dé ní 2013 wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, bọ́tìnnì wá di ká tẹ̀ ẹ́ tàbí ká má tẹ̀ ẹ́, L2 àti R2, bọ́tìnnì méjì tí ìka ìtọ́ka máa ń tẹ̀ níwájú pádì, nìkan ló kù tó ń mọ ibi téèyàn tẹ̀ ẹ́ dé.

Mi ò ní wọ́n ṣe burúkú o. L2 àti R2 ti PS4 yẹn dáa ju ti PS3 lọ fíìfíì, torí ti PS3 rí gọngọ síta, ìka máa ń yọ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n wá tẹ orí ti PS4 wọnú díẹ̀ kí ìka lè rí ibi jókòó sí. Àmọ́ ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ àtàǹpàkò mi, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, ó lọ bẹ́ẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó bi wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá sọ tiyín, èwo lọwọ́ yín gbà, èwo lọwọ́ yín kọ̀?

Onígéèmù Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Ìbàdàn, ọmọ iléèwé àtàwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì máa ń gbá jù, ìyẹn FIFA tó ti di EA FC báyìí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé PS5 wọlé, ọmọkùnrin kan jókòó sí i, ó gbá a dáadáa títí ó fi di bí ìṣẹ́jú àádọ́rin nínú géèmù, ló bá pariwo pé "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi pààrọ̀ pádì yìí o, R2 ẹ̀ ti ń le!" Mo gbé òmíràn fún un, ìyẹn náà tún le. Àwọn tó dúró lẹ́yìn wá ń sọ pé tòkunbọ̀ ni wọ́n tà fún bọ̀ọ̀dá. Mo ní kó fara balẹ̀, kó wo okun tó kù lára agbábọ́ọ̀lù tó ń fi sáré lójú tíví níbẹ̀. Ó ti tán pátápátá. Mo ní kó pè é jáde kó gbé ẹlòmíì wọlé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó tẹ R2, ó rọ̀! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló hó yèè. Àṣé láti FIFA 21 ti PS5 ni wọ́n ti ṣe é pé bó bá ti ń rẹ agbábọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì tá a fi ń sáré á máa le mọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mọ́tò kékeré kan ló wà lẹ́yìn L2, ọ̀kan wà lẹ́yìn R2, ìyẹn ló ń ti ìka padà. Ní tèmi o, ohun tó dáa jù tí mo tíì rí lára pádì nìyẹn, torí ìka ẹ gan-an lò ń fi mọ̀ pé ó ti rẹ ọmọ yẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì. Àwọn tó máa ń wá gbá a lọ́jọ́ Sátidé láti fi du ipò kìíní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ ẹ. Kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n á ti ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pa R2 yẹn." Mo sì máa ń pa á fún wọn, torí ẹni tó ń du nǹkan ò fẹ́ kí ohunkóhun dá ìka òun dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwọn tó ṣe é gba tiwa rò nígbà tí wọ́n jẹ́ kéèyàn lè pa á. Ohun tuntun téèyàn ò lè pa ló máa ń di ìjà.

Ọ̀rọ̀ ṣáàjì ńkọ́, ìyẹn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn níbi tíná ti ń lọ tó ń bọ̀. Bátìrì pádì PS4 jẹ́ 1,000 mAh (bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó nìyẹn), ti PS5 wá jẹ́ 1,560. Ẹnu wáyà ti PS4 ní ojú ní ẹ̀yìn, àwọn ọmọ á sì máa fi agbára tì í ní òdì. Ti PS5 jẹ́ USB-C, bó o bá ṣe kì í bọ̀ ọ́ ló ń wọlé, wáyà fóònù mi ni mo fi ń ṣáàjì ẹ̀. Àyípadà kékeré nìyẹn lójú ẹni tó ní pádì kan nílé, kì í ṣe kékeré fún ẹni tí pádì ẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ Àkúrẹ́

Bọ̀ọ̀dá Mọ́kọ́lá, ti tòkunbọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín torí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé wa. Bùọ̀dá ìyá mi ló mú PS3 wá fún wa láti Jámánì, lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. PS2 tá a ní tẹ́lẹ̀, tí mọ́tò bá ti forí sọ nǹkan ni pádì á gbọ̀n jìgìjìgì lọ́wọ́ ẹni. Ti tuntun yìí ò gbọ̀n rárá, ó tún fúyẹ́ bí ìwé. Gbogbo àdúgbò ló ń wá wò ó, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ayédèrú ni, pé wọ́n ti yọ inú ẹ̀. Ó dun ẹni tó rà á débi pé ó wá risíìtì jáde.

Kì í ṣe ayédèrú. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn ní 2006, Sixaxis ni wọ́n pè é, ó ń mọ̀ bó o bá yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Sony ní gbígbọ̀n máa ń da ohun tó ń mọ yíyí yẹn láàmú, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ Immersion ti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n yìí, 2007 ni wọ́n sì tó yanjú ẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni DualShock 3, pádì PS3 tuntun, jáde ní Jàpáànù, ó ń gbọ̀n, ó sì ń mọ yíyí, méjèèjì pọ̀. Ẹ ò rí i pé ó ṣeé ṣe!

Èyí tí mo tún rántí ni pé ní 2005, kí PS3 tó jáde, wọ́n fi pádì kan tó tẹ̀ kọrọdọ hàn, àwọn èèyàn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Wọn ò tà á rárá, wọ́n padà sí ìrísí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí Teiyu Goto yà fún PlayStation àkọ́kọ́ ní 1994. Inú mi dùn pé wọ́n padà. Ìrísí yẹn lọwọ́ gbogbo ayé ti mọ̀.

Atúnpádìṣe Ìkẹjà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀ ń sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí lóde, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń rí nínú. Iṣẹ́ pádì ni mò ń ṣe, bí wọ́n bá gbé pádì wá fún mi, ẹjọ́ tó pọ̀ jù ni pé analog, igi kékeré orí pádì tá a fi àtàǹpàkò darí, ń fà, ẹni yẹn ò fọwọ́ kàn án àmọ́ èèyàn inú géèmù ń rìn lọ fúnra ẹ̀. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló ń dé orí tábìlì mi.

Ohun tó ń fà á nìyí. Lábẹ́ analog, awẹ́ irin tín-ín-rín kan ló ń rìn lórí ilà dúdú kan, ibi tó bá dúró sí ni pádì fi ń mọ apá ibi tó o dojú ẹ̀ kọ. Irin ń ha ilà yẹn lójoojúmọ́. Bó bá ti ha, ìyẹ̀fun dúdú á máa wà níbẹ̀, àárín ò ní jẹ́ àárín mọ́. Kò sí bó o ṣe lè fọ̀ ọ́ kó má padà. Ọ̀nà míì wà, èyí tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣe é, Hall effect ni wọ́n ń pè é, nǹkan kan ò ha nǹkan kan níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ti ń fi sínú pádì tí wọ́n ń tà ní owó tó rọjú. Ìdí tí pádì àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fi í sáàbà wá pẹ̀lú ẹ̀ ni mò ń bi ara mi. Ẹ wo pádì PS5, wọ́n yí iná, wọ́n yí àwọ̀, wọ́n fi máìkì sí i, wọ́n tẹ àmì square àti triangle tóóró tóóró yí ẹsẹ̀ pádì ká kó má bàa yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì fi ibi tó ń bàjẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

DualSense Edge, pádì PS5 olówó ńlá tó jáde ní oṣù kìíní 2023, ẹ̀ẹ̀kan ni mo tíì mú un lọ́wọ́, ti kọ́sítọ́mà kan. O kàn ṣí ojú ẹ̀, o fa analog jáde, o ki tuntun bọ̀ ọ́, kò sí pé à ń jó òjé. Mo dúró mo ń wò ó ni. Bó ṣe yẹ kí gbogbo pádì rí nìyẹn. Àmọ́ dọ́là 199.99 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tó jẹ́ pé PS5 tí kò ní ibi tí wọ́n ń ki díìsì sí, 399.99 ni nígbà tó jáde. Owó pádì kan di ààbọ̀ owó ẹ̀rọ. Ta lọmọ iléèwé tó máa ra ìyẹn?

Ọmọ Peckham

Gbogbo yín ń sọ PlayStation, Xbox ti Microsoft lèmi ń lò ní London níbí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọwọ́ mi kéré. Xbox àkọ́kọ́ tó jáde ní 2001, pádì ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Duke tóbi gan-an, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbá a, èmi ò lè na àtàǹpàkò dé bọ́tìnnì dúdú àti funfun tó wà lókè láì jẹ́ pé mo ṣí ọwọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ pádì. Wọ́n á ní mi ò mọ géèmù ṣe. Ọwọ́ mi ni ò dé ibẹ̀! Nígbà tí wọ́n ń gbé Xbox lọ sí Jàpáànù ní 2002, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó lọ́wọ́ kékeré wà, wọ́n ṣe èyí tó kéré, ó wá dára débi pé òun náà ló gba ipò ti àkọ́kọ́ ní gbogbo ibi.

Ní 2020, nígbà tí Xbox Series X jáde, wọ́n tún gbẹ́ ẹ kéré díẹ̀ sí i, wọ́n ní àwọn wo ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ́ ọn. Ọmọ mi obìnrin ń lò ó báyìí, ìka ẹ̀ ń dé ibi gbogbo. Mi ò mọ bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́wọ́ ńlá ṣe rí i, ṣùgbọ́n lójú tèmi kò sí àyípadà tó jù ìyẹn lọ. Àti bọ́tìnnì Share tí wọ́n fi sáàárín, tẹ́lẹ̀ tó o bá fẹ́ ya fọ́tò ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú géèmù, wàá tẹ àmì Xbox kó o tó wá tẹ Y, ohun tó o fẹ́ yà á ti kọjá lọ. Ti bátìrì AA méjì tí wọ́n ṣì ń kì bọ̀ ọ́ títí di báyìí, èmi fara mọ́ ọn, mo ní èyí tó ṣeé ṣáàjì, bí méjì bá kú méjì á wọlé.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kúuṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè lo ọwọ́ òsì mọ́ láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Bọ́ọ̀lù inú PlayStation ni wọ́n fi ń pa àárẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo ìyẹn sì dúró. Àwọn ìbejì ló rí Access Controller, pádì PS5 tí Sony ṣe fún àwọn tí ara wọn ò gbé pádì lásán, tó jáde ní oṣù kejìlá 2023. Ó rí róbótó, orí tábìlì ló máa ń wà, bọ́tìnnì yí i ká, analog kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èèyàn lè pààrọ̀ orí bọ́tìnnì kó sì sọ iṣẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan máa ṣe. Èyí tó mú mi sunkún ni pé o lè so ó pọ̀ mọ́ pádì PS5 lásán, kí méjèèjì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nínú géèmù. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń ta á sílé, Kẹ́hìndé jókòó tì wọ́n ó ń bá wọn darí sísáré. Dọ́là 89.99 ni nígbà tó jáde. Microsoft ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú ní 2018. Tẹ́ ẹ bá ń to àwọn àyípadà tó dáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sí i.

Ọmọ Mushin

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè so méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Mọ́kọ́lá, ibo lẹ ti ń pa R2 yẹn? Àbúrò mi ní kò ṣeé pa.

Onígéèmù Mọ́kọ́lá

Ó ṣeé pa. Wọ Settings, wọ Accessories, wọ ibi tí wọ́n kọ Controller (General) sí, wàá rí Trigger Effect Intensity. Tó ò bá fẹ́ pa á tán, gbé e sí Weak, ìka ẹ á ṣì máa gbọ́ ọ díẹ̀. Gbígbọ̀n náà wà níbẹ̀, ó dá dúró lọ́tọ̀. Tó o bá sì fẹ́ fi pádì PS4 rọ́pò ẹ̀, àwọn géèmù PS4 nìkan lo lè fi gbá lórí PS5, ti PS5 gan-an ò ní gbà á.