Ìbéèrè mi lórí òṣùpá: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Mo béèrè níbí bí mo ṣe lè fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kì í ṣe òjìji ayé ló ń bu òṣùpá kù lóṣooṣù. Ó ti yé wọn báyìí, inú mi dùn gan-an.

A fi aṣọ dí fèrèsé, a tan gílóòbù kan ṣoṣo: òun ni oòrùn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan fi igi gún ọsàn bíbó (funfun ara rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa), ó nà án síwájú, ó sì ń yí sọ́wọ́ òsì díẹ̀díẹ̀. Orí wọn ni ayé.

Ẹni tó ní kí wọ́n gbé ọsàn ga ju orí lọ, ẹ ṣeun púpọ̀. Bí ọsàn bá rẹlẹ̀, òjìji orí á bò ó nígbà tó yẹ kó kún. Ọ̀nà òṣùpá gan-an fi nǹkan bíi dígíríì 5 dagun sí ti ayé, ìdí nìyẹn tí òjìji ayé kì í fi í bò ó lóṣooṣù.

Ọmọ kan ló kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ wò ó, gílóòbù wà lẹ́yìn mi, ọsàn mi ti di àránmọ́jú!"

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.